Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Mo Fi Kọ́ Ẹkún Ìyàwó

Sátidé, 11 Jánúárì

Òtútù mínúsì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ilẹ̀kùn mọ́tò dì pa, Tádé ọkọ mi fi èjìká gbá a títí ó fi gbà. Síbẹ̀ a dé àdúgbò New Brighton ní agogo mẹ́wàá, nítorí Ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè ló pè wá sílé wọn. Ẹni tó ti gbé nínú basement wọn, yàrá abẹ́ ilé, fún oṣù mẹ́rin nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Canada kò lè sọ pé òtútù ò jẹ́ kí òun jáde.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣe fíìmù. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, ẹnjiníà ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ epo; tó bá ti di Sátidé, wọ́n á dé fìlà dúdú, wọ́n á di olùdarí. Wọ́n ti ṣe kékeré méjì. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe báyìí gùn, wọ́n sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí festival kí oṣù kẹta tó parí. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni tó ń ṣègbéyàwó níbí ní Calgary, tí ìyá rẹ̀ wá láti ilé tó sì takú pé kò ní jáde lọ bá ọkọ láì sun ẹkún ìyàwó.

Wọ́n ní èmi ni ìyàwó náà. "Mo ti wo gbogbo video ẹ tán, ìyàwó wa. Kò sẹ́ni tó ń fi ojú sọ̀rọ̀ bíi tìẹ nílùú yìí."

Orí mi wú. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe skit aláìfọhùn: obìnrin tó kọ́kọ́ rí snow, obìnrin tó pẹ́ dé daycare, obìnrin tí ẹ̀rọ self-checkout ń bá jà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú àti ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é, orin nìkan ló ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án èèyàn ló ń tẹ̀lé mi lórí fóònù. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó gbọ́ ohùn mi rí.

Ẹ̀gbọ́n gbé bébà àdéhùn jáde, ojú ewé mẹ́fà, wọ́n na bírò sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ta ló máa jókòó máa ka bébà níwájú ẹni tó gbà á sílé? Ńṣe ni yóò dà bíi pé mo ń wá ibi tí wọ́n ti fẹ́ rẹ́ mi jẹ.

Nígbà tí a ń bọ̀, Tádé ní ṣé mo mọ̀ pé ìyàwó inú fíìmù yìí máa sọ̀rọ̀. Mo ní mo mọ̀.

Mọ́ńdè, 13 Jánúárì

Mo ti ka ìwé eré náà. Gbólóhùn mọ́kànlélógójì ni mo máa sọ, lẹ́yìn náà ẹkún ìyàwó, ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sí etí bébà pé "ibí yìí ni gbogbo fíìmù wà."

Èmi tí mo ṣègbéyàwó ní registry, ogún ìṣẹ́jú, tí a jẹ meat pie lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi. Mi ò tíì fojú rí ìyàwó kan tó sun ẹkún yìí. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ di ìyàwó.

Sátidé, 18 Jánúárì

Ìdánrawò àkọ́kọ́, nílé Ẹ̀gbọ́n. Èèyàn mẹ́rin péré. Mọ́láyọ̀ ló ń gba ohùn sílẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún, iṣẹ́ ohùn ló wá kọ́ ní college kan níbí. Ó gbé gbohùngbohùn sórí ọ̀pá gígùn bí ẹni fẹ́ já ọsàn. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kí òun gba ìdákẹ́ yàrá náà, pé yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Èyí wù mí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe dáadáa jù lónìí.

Lẹ́yìn náà mo la ẹnu.

Ohùn mi nípọn. Kò sí ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́. Tí mo bá pe ilé ìfowópamọ́ lórí fóònù, "Good morning, sir" ni wọ́n máa fi kí mi. Mummy Choir ìjọ wa ní Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà: "Fẹ́yìsayọ̀, ìwọ máa la ẹnu bíi tàwọn tó kù, má jẹ́ kí nǹkan kan jáde." Ọdún mẹ́fà ni mo fi la ẹnu nínú choir. Kò sẹ́ni tó fura, wọ́n tiẹ̀ ń sọ pé mo ní ìfọkànsìn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Mo sọ gbólóhùn mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí n dín ojú mi kù, pé nínú fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ èèyàn kì í gbé ojú sókè báyẹn, ọ̀rọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Mo dín in kù. Wọ́n ní kí n tún dín in. Mo wá dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ohùn, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Túsìdé, 21 Jánúárì

Afẹ́fẹ́ ilé gbẹ débi pé imú mi ṣẹ̀jẹ̀ sórí ìwé eré. Mo ra ẹ̀rọ tó ń tú ọ̀rinrin sínú yàrá, dọ́là mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ata ilẹ̀ ti di dọ́là mẹ́fà àtààbọ̀ fún kílò kan. Mo ń sè é mu láàárọ̀ àti lálẹ́.

Tádé sọ pé láyé àtijọ́, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn òṣèrébìnrin kan wà tí gbogbo ayé mọ ojú wọn, ọjọ́ tí ohùn wọn jáde ni iṣẹ́ tán fún wọn. Mo ní ó ṣeun, òun nìkan ló kù kó sọ fún mi.

Sátidé, 25 Jánúárì

Ẹ̀gbọ́n ti rí olùkọ́ fún mi. Màmá Dùnsìn, ọmọ Ìsẹ́yìn, wọ́n wá bá ọmọ wọn tọ́jú àwọn ọmọ ní àdúgbò Cityscape. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọ́n wọ súwẹ́tà méjì àti ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin. Àwọn ọmọ-ọmọ ń fi èdè òyìnbó bá wọn jà lórí Lego, Màmá ń fi Yorùbá dá wọn lóhùn, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn.

Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé àgbọ̀n wọn sókè díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀:

*Ìyá mi, mo délẹ̀, mo kúnlẹ̀,*
*Ẹni tí yóò rìn jìnnà ló ń tọrọ omi mu.*
*Ilé tí mò ń lọ, n kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lókùnkùn,*
*Ẹ wúre fún mi kí n tó gbéra.*

Kì í ṣe orin, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohùn náà ń lọ, ó ń já, ó ń gbé ara rẹ̀. Àwọn ọmọ pàápàá fi Lego sílẹ̀.

Ó wá kàn mí. Mo dé ìlà kejì, mo bú sẹ́kún gidi, mo gbàgbé ìlà kẹta. Màmá rẹ́rìn-ín. "Tí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran, ọmọ mi. Sun ún, ṣùgbọ́n máa wo ọ̀nà."

Mọ́láyọ̀ wá pẹ̀lú gbohùngbohùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ní kó wá gba ti Màmá sílẹ̀, kí n lè máa gbọ́ ọ nílé.

Tọ́sìdé, 30 Jánúárì

Mò ń sun ẹkún nínú kíṣìnì. Tamílọ́rẹ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò mí.

"Mummy, you sound like Daddy when he's praying."

Mo ní ṣé ó dára àbí kò dára.

"It's loud," ó wí, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó lọ.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

Snow látàárọ̀. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ká tó dé Cityscape. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí, Màmá sì ní mo ti ń rí ọ̀nà. Wọ́n ní ohùn mi dà bíi ti ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin, ẹni tó máa ń kí àlejò láti ẹ̀yìnkùlé tí àlejò á sì gbọ́ lójúde. Wọ́n rò pé wọ́n yìn mí ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe tán, Ẹ̀gbọ́n ní kí Màmá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn nìkan. Wọ́n ní kí Mọ́láyọ̀ sún gbohùngbohùn mọ́ Màmá dáadáa. Wọ́n lọ pa firiji nítorí ìró rẹ̀. Fún èmi, wọn ò pa firiji rí.

Sátidé, 8 Fẹ́búárì

Chinook, atẹ́gùn gbígbóná tó ń yọ́ snow, ti dé, plọ́ọ̀sì mẹ́jọ, omi ń kán látorí òrùlé gbogbo, orí ń fọ́ mi láti ìdájí.

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo gbé Mọ́láyọ̀ lọ sí ibùdó train ní Rundle lẹ́yìn ìdánrawò. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ni. Mo ní tí a bá ti gba ohùn mi sílẹ̀ ní hall tí a ti máa ya fíìmù náà, ṣé mo lè gbọ́ ọ kí wọ́n tó gé e. Ó ń fi èékánná họ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

"Aunty, wọn ò sọ fún yín?"

"Kí ni wọn ò sọ fún mi?"

"Ah. Aunty, abeg, no talk say na me o." Ó wo ojú fèrèsé. "Ohùn tiyín, guide ni. Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa la ẹnu dé. Ti Màmá ni Oga máa fi síbẹ̀. I don clean am finish sef."

Mo ní tàwọn gbólóhùn mọ́kànlélógójì ńkọ́?

"Wọ́n ń wá lady kan tí ohùn ẹ̀ jọ ti Màmá. Ẹnu kan ò lè ní ohùn méjì, Aunty. If one go, all go."

Iná ti di green, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè. Mo kàn ń di ọwọ́ ìdarí mú. Ọmọ náà ní "Aunty, sorry", ó bọ́ sílẹ̀ nínú omi snow.

Nítorí náà, kí n máa la ẹnu bíi tàwọn tó kù. Kí nǹkan kan má jáde.

Sọ́ńdè, 9 Fẹ́búárì

Mi ò lọ sí ìjọ. Mo wá bébà náà jáde, mo kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ kọkànlá: olùṣe fíìmù lè fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò ohùn òṣèré, níbi gbogbo tàbí níbì kan, láì tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, mo tiẹ̀ fi ìlà ẹlẹ́wà fa ìdí rẹ̀.

Tádé dé, mo nà án sí i. Ó kà á lórí ìdúró.

"O ò ka eléyìí kó o tó fọwọ́ sí i?"

"Ìwọ ńkọ́? O wà níbẹ̀. O ń mu tíì."

"Èmi kọ́ ni òṣèré."

Mo sọ ohun kan fún un tí mi ò ní kọ síbí. Ó dá bébà náà padà fún mi, ó ní kí n lọ bá Ẹ̀gbọ́n, kí n sọ ọ́ tààrà. Mo ní àgbà ni wọ́n, olóore sì ni wọ́n, ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ó ní, "Fẹ́yì, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Inú mi bàjẹ́ sí i nítorí òótọ́ ló sọ.

Wẹ́sìdé, 12 Fẹ́búárì

Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bébà. Wọ́n gbé e, wọ́n ní "Ìyàwó wa, báwo ni?" Mo ní a dúpẹ́ sà. Mo béèrè ìyàwó wọn, mo béèrè àwọn ọmọ, mo dúpẹ́ fún àǹfààní. Mo pa á. Mo dúpẹ́! Mo bínú sí ara mi débi pé mo fọ gbogbo ìkòkò ilé, títí kan èyí tó mọ́.

Tọ́sìdé, 13 Fẹ́búárì

Mo ya lọ sí Cityscape lẹ́yìn iṣẹ́. Bí èèyàn ò bá lè bá àgbà sọ̀rọ̀, àgbà míì ni wọ́n ń rán sí i. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Dùnsìn. Mo rò pé wọ́n máa bínú.

Màmá fọwọ́ kan ọrùn wọn. "Ohùn tèmi? Wọ́n fẹ́ lo ohùn tèmi nínú fíìmù?" Ojú wọn tàn bí ojú ọmọ tó gba ẹ̀bùn. "Ṣé ó dára tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní ó dára, mà. Òótọ́ ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọn orí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ké sí àwọn fún nǹkan kan láti ọjọ́ táwọn ti dé ìlú yìí àfi kí àwọn pààrọ̀ napkin. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti wá gba ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lọ́wọ́ wọn. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín tí wọ́n gbé síwájú mi, mo dìde.

Nígbà tí mo ń wọ bàtà, ẹ̀rín wọn ti rẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, kí ni wàá máa ṣe nígbà tí ohùn mi bá ń lọ?"

Mo ní màá máa la ẹnu, mà.

Wọ́n bá mi fa síìpù kóòtù mi.

Mọ́ńdè, 17 Fẹ́búárì

Family Day, ọlidé ni. Gbogbo ilé ń wúkọ́. Mínúsì mẹ́rìnlélógún.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

A bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù ní hall. Gbólóhùn mẹ́tàlélógún lónìí. Mọ́láyọ̀ gbà á sílẹ̀ láì wo ojú mi. Ohùn mi ń fò kiri nínú hall náà, ẹni tó ń gbé iná rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí a jáde lọ jẹun, mo bá Ẹ̀gbọ́n nídìí mọ́tò wọn. Mi ò kúnlẹ̀, snow ti pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé òun ló gbà mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ka bébà yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹ yọ ohùn mi."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọn ò bínú, ìyẹn ló burú. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, èmi náà ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ, Ọlọ́run ló fún ẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹkún yìí bá bẹ̀rẹ̀, tí àwọn èèyàn gbọ́ ohùn tó wúwo báyẹn lẹ́nu ìyàwó, wọ́n máa rẹ́rìn-ín. O rí wọn lónìí. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, fíìmù kú. Mo ti fi ọdún méjì ṣe é."

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú sà."

"O ti ń gbìyànjú láti oṣù kan."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo dúró síbẹ̀ títí ìka ẹsẹ̀ mi fi kú. Mo bẹ̀rù pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mi ò tíì kọ ìyẹn sílẹ̀ rí: mo bẹ̀rù pé òótọ́ ni.

Túsìdé, 25 Fẹ́búárì

Màmá Dùnsìn pè mí níbi iṣẹ́. Wọn ò kí mi tán kí wọ́n tó sọ ọ́.

"Mo ti bá Bámgbóyè sọ̀rọ̀. Mo ní nílé tiwa, ẹ̀ẹ̀kan lobìnrin ń sun ẹkún ìyàwó. Mo ti sun tèmi ní Ìsẹ́yìn, bàbá mi wà láyé, ìyá mi wà láyé. Èyí tí mo ṣe fún yín, ẹ̀kọ́ ni mo fi kọ́ ọmọ. Mi ò lè tún lọ máa tọrọ ìre lọ́wọ́ ìyá tó ti kú."

Mo ní, "Màmá, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ ẹ."

"Mo fẹ́ ẹ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó sì dùn mí díẹ̀, mi ò ní pa irọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n ti gbà pé kí n sun ún ní Sátidé. Tí kò bá dára, wọ́n máa wá obìnrin míì tó máa sun ún, wọ́n ti mọ ẹnì kan ní Edmonton. Màmá wá béèrè pé ta ló máa jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyá. Mo ṣàlàyé pé kò sẹ́ni kankan, orí mi ni kámẹ́rà máa wà, àga ni mo máa máa wò.

"Àga? O fẹ́ máa tọrọ ìre lọ́wọ́ àga?" Wọ́n ní kí Tádé wá gbé àwọn ní agogo mẹ́wàá.

Fúráìdé, 28 Fẹ́búárì

Ohùn mi ti há. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà fún Tádé àti Tamílọ́rẹ látàárọ̀ kí n lè fi í pamọ́. Oyin, ọsàn wẹ́wẹ́, omi gbígbóná. Mi ò lè jẹun.

Sọ́ńdè, 2 Máàṣì

Àná ni. Ó ti rẹ̀ mí jù láti kọ ọ́ nígbà tí a délé.

Agogo mẹ́rin ni wọ́n máa gba hall lọ́wọ́ wa, ọmọdé kan ń ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀. Àwọn nǹkan míì gba àkókò, ó ti lé ní agogo méjì kó tó kàn mí. Màmá Dùnsìn ti jókòó síbi tí kámẹ́rà ò lè rí, wọ́n wé gèlè, wọ́n ró ìró sórí sòkòtò òtútù. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ̀rọ tó ń mú hall gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Mọ́láyọ̀ gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n pa á. Ẹ̀ẹ̀kejì, mọ́tò tó ń kó snow kọjá lójúde. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn mi já ní ìlà kejì, ikọ́ gbà mí. Mo rí Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n wo aago, tí wọ́n sì fọwọ́ pa ojú. Hall ti ń tutù. Àwọn òbí ọmọ ọjọ́ ìbí ti dé sí lobby pẹ̀lú bàlúù. Agogo mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó parí."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo délẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ohùn náà jáde bó ṣe nípọn, mi ò tì í sókè, mi ò dín in. Mo dé ìlà kẹta, ó sì sọnù pátápátá. Mo ń wo ojú Màmá, wọ́n ń wò mí, wọn ò sì lè ràn mí lọ́wọ́. Ẹnu mi ò dúró. Mo gbọ́ tí mo ń sọ pé:

*Ìyá mi, ọjọ́ tí mo fi yín sílẹ̀ ní airport,*
*Ojú nìkan ni mo fi dágbére, ẹnu mi ò là.*
*Ẹ gbé ọwọ́ sókè, mo gbé ọwọ́ sókè,*
*Ẹ ò gbọ́ ohun tó wà nínú mi, màmá mi.*
*Ẹ wúre fún mi, mo ti jìnnà kí n tó tọrọ ọ.*

Kò sí nínú ìwé eré. Ìyá mi gidi ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ní Abẹ́òkúta, níbi tí ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́.

Òfin ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mí títí Ẹ̀gbọ́n á fi ní "Cut." Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa gbọ́ ẹkún ìyàwó tí yóò pa ẹnu mọ́? Mi ò tíì parí ìlà tó kẹ́yìn nígbà tí Màmá Dùnsìn gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre, gbangba, lórí ohùn mi.

"O ò ní rìn lórí asán. Ilé tó o wọ̀ á gbà ọ́. Wàá bímọ, ọmọ á gbọ́ ohùn ẹ. Ibi tó o bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́ gbọ́ ọ. Wàá padà wá bá mi láyọ̀."

Mo rí Mọ́láyọ̀ tó gbójú sókè wo Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè láti dá wa dúró, ọwọ́ náà kàn wà lókè ni. Mò ń sunkún lọ, Màmá ń wúre lọ, ohùn méjèèjì wọnú ara wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbé iná ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Nígbà tí a dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n ò ní "Cut." Wọ́n bọ́ fìlà. Mọ́láyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Oga, Mama enter inside am. Mi ò lè yọ ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀. Tá a bá ní ká yọ ti Aunty, ìwúre Màmá á bá a lọ. Ṣé ká tún un ṣe?"

Àwọn ọmọdé ti ń pariwo ní lobby. Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Má fọwọ́ kàn án," Ẹ̀gbọ́n wí.

"Gbólóhùn mọ́kànlélógójì yẹn ńkọ́? Lady Edmonton?"

"Mo ní má fọwọ́ kan nǹkan kan." Wọ́n kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Fẹ́yìsayọ̀," wọn ò pè mí ní ìyàwó wa, "mo ṣì ẹ́ gbọ́."

Mọ́láyọ̀ wá fi headphone rẹ̀ sí mi lórí, ó tẹ̀ ẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ hall tí wọ́n ti ń fẹ́ bàlúù yí mi ká, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń pe ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nípọn. Tèmi ni. Mo gbọ́ ọ tán.